TÚÙBÙ LÓRÍ OMI: ERÉ ÌSINMI GÍGÙN NÍ ALÍMỌ̀ṢỌ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ń wá a, ẹni tí ó fẹ́ fọṣọ ń wá a, àgbẹ̀ ń wojú ọ̀run nítorí rẹ̀, abiyamọ kò sì lè wẹ ọmọ tuntun láìsí i. Bí òwe yìí ti jẹ́ òtítọ́ tó, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, mo sì rò pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí ni ó yẹ kí n ti sọ ọ́ síta. Ọ̀rọ̀ náà ni pé àwa tí a ń gbé Alímọ̀ṣọ́, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìkòtún àti Ìgàndó, a ti sọ omi di ọ̀tá fún àwọn ọmọ wa. Eré ìsinmi gígùn, pàápàá eré orí omi, ni n ó fi ṣe àlàyé ohun tí mo ní lọ́kàn. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré kéré ju ohun tí à ń kọ sínú ìwé. Níbi tí ọmọ ti ń ṣeré ni ó ti ń kọ́ ohun tí yóò gbà á là lọ́la, tàbí kí ó má kọ́ ọ.

Ìgàndó ni àwọn òbí mi kó wá ní ọdún 1985, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọwọ́. Olùkọ́ ni mo jẹ́ lónìí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Ẹ̀gbẹ́dá, ibẹ̀ ni mo sì ti ń wá kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú èdè wa. Ìgàndó ìgbà náà kò rí bí ti òní. Ilé kò tíì fara kan ilé. Oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo wà láàrin àdúgbò, igi ọ̀pẹ pọ̀ ní bèbè odò, ọkọ̀ kò sì pọ̀ lójú ọ̀nà tí ó gba ọ̀dọ̀ wa lọ sí ìhà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí ní oṣù keje, ó di oṣù kẹsàn-án kí a tó tún rí ojú tíṣà.

Ó yẹ kí n là á yé wa níhìn-ín pé ìsinmi tiwa kò bá ti àwọn Òyìnbó dọ́gba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ìwòyí ti ń pè é ní "sọ́mà". Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ìgbà oòrùn ni sọ́mà wọn. Ooru ni ó ń lé wọn lọ sétí omi. Ní ti Èkó, oṣù kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù. Bí ó bá di oṣù kẹjọ, òjò á dáwọ́ dúró díẹ̀, afẹ́fẹ́ á tutù, kí òjò tó tún padà ní oṣù kẹsàn-án. Àárín òjò méjèèjì ni ìsinmi wa bọ́ sí. Odò ṣì kún, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti rọ̀. Àgbàdo ti gbó, ẹ̀pà ti jáde, iṣẹ́ oko sì ti dín kù. Kò sí ìgbà mìíràn nínú ọdún tí ìta dára fún ọmọdé tó bẹ́ẹ̀.

Eré wa pọ̀. A máa ń yí táyà kẹ̀kẹ́ kiri, a máa ń ta òkòtó, a sì máa ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ tí ẹni tí ó ni ín kò tíì rówó kọ́lé sí. Àwọn ọmọbìnrin a máa ṣeré tẹ́ń-tẹ́ń títí eruku yóò fi bò wọ́n dé orúnkún. A ń dẹ ìrẹ̀ nínú ihò, a ń fi ìwọ̀ pẹja wẹ́wẹ́. Ní alẹ́ tí òṣùpá bá yọ, a ń pa àlọ́. Ṣùgbọ́n ọba gbogbo eré ìsinmi ni túùbù.

Túùbù ni rọ́bà dúdú tí ó wà nínú táyà ọkọ̀. Ti ọkọ̀ akẹ́rù ni a fẹ́ràn jù, nítorí pé ó fẹ̀, ó sì lè gbé ọmọ méjì. Ọwọ́ àwọn tí ń lẹ táyà ni a ti ń rí i. Èyí tí wọ́n bá ti lẹ̀ títí tí kò ṣe é fi sínú táyà mọ́ ni wọ́n fi ń ta wá lọ́rẹ, bí a bá ti bá wọn pọn omi sínú agbada tí wọ́n fi ń wá ibi tí túùbù ti jò. A ó fẹ́ ẹ títí yóò fi le bí ìlù. Ẹnu irin tí a ń gbà fẹ́ ẹ a máa ya ni lára, nítorí náà a máa ń fi àkísà wé e dáadáa. Lẹ́yìn èyí, a ó gbé e lérí, a ó sì tò lọ sí odò kékeré tí ó gba ìsàlẹ̀ àdúgbò wa kọjá.

Níbi afárá igi ọ̀pẹ ni a ti ń bọ́ sínú omi, níbi tí àwọn ìyá ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú ni a sì ti ń jáde. Bí ènìyàn bá jókòó sínú ihò túùbù, ìdí rẹ̀ á kan omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ á nà síwájú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á sì di àjẹ̀. Kò sí iṣẹ́ kan tí yóò tún ṣe. Omi ni yóò máa gbé e lọ, tí yóò máa yí i bí ọlọ, tí ewé ọ̀pẹ yóò máa kọjá lókè orí rẹ̀, tí ẹyẹ ẹ̀gà yóò máa pariwo. Àwọn tó dàgbà jù láàrin wa ti ṣòfin: ọmọ tí omi bá kọjá àyà rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wá, bí àgbàrá bá sì ti sọ omi di pupa, ilé yá. Òfin náà dára. Ohun kan ni kò sí níbẹ̀: kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó mọ odò wẹ̀. Túùbù ni ìgboyà wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré àjòjì ni eré yìí. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí kò sí afárá lórí odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun, igbá ńlá ni wọ́n fi ń ré èrò kọjá ní ibi púpọ̀ bí omi bá kún. Àwọn arìnrìn-àjò tí wọ́n gba ilẹ̀ wa kọjá nígbà náà kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Wọ́n á gbé ẹrù lé igbá, èrò á dì í mú, òmùwẹ̀ á sì máa lúwẹ̀ẹ́ tì í títí wọn yóò fi dé òdì kejì. Kí ni igbá yìí bí kò ṣe túùbù àwọn baba wa? Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ń ti igbá mọ odò wẹ̀.

Ìtàn tí ó tún jinlẹ̀ ju èyí lọ wà. Ilẹ̀ Àwórì ni Alímọ̀ṣọ́. Àwọn Àwórì ni wọ́n tẹ Ìkòtún, Ìgàndó, Ìpájà àti Ìṣẹ́rí-Ọ̀ṣun dó. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé nígbà tí Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, àwo ni wọ́n gbé lé ojú omi fún un, tí wọ́n sọ fún un pé kí ó máa tẹ̀ lé e, ibi tí àwo bá rì sí ni kí ó tẹ̀dó sí. Àwo náà léfòó lọ lójú odò Ògùn. Ó dúró ní Olókemejì, ó dúró ní ẹ̀bá Abẹ́òkúta, ó dúró ní Ìṣẹ́rí, kí ó tó wá rì ní ìhà Ìdó ní Èkó. Nígbà tí àwọn ènìyàn béèrè ibi tí àwo wà, èsì tí wọ́n gbọ́ ni pé àwo ti rì. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ pé a ti mú orúkọ Àwórì. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí: ìlú tí ohun tó léfòó lórí omi bí, ni àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ bí a ti ń léfòó mọ́.

Báwo ni ó ṣe di báyìí? N ó sọ èyí tí ojú mi rí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ ilé kejì sí tiwa, tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà, kú sínú omi. Kì í ṣe inú odò wa ni ó kú sí. Inú kòtò ni. Àwọn tí ń wa iyẹ̀pẹ̀ pupa fún ilé kíkọ́ ni wọ́n gbẹ́ kòtò náà tí wọn kò dí i. Òjò ti kún un dé ẹnu. Ojú rẹ̀ tòrò, ó rẹwà, àwọn ọmọ sì rò pé omi tí kò ṣàn kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ẹ̀yin ènìyàn mi, omi odò a máa rọra jìn, bèbè rẹ̀ a máa gba ẹsẹ̀. Kòtò kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan, omi wà ní kókósẹ̀. Ìṣísẹ̀ kejì, ó ti bo orí. Amọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń yọ̀, ọwọ́ kò rí ibi dì mú. Ọjọ́ náà, wọ́n rán mi lọ sí ọjà Ìkòtún. Nígbà tí mo padà dé, gbogbo ẹnu ọ̀nà ni ó kún fún ènìyàn, igbe tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kò sì tíì kúrò ní etí mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àwọn àgbà àdúgbò ṣe ìpàdé. Bàbá arúgbó kan wà, ọmọ bíbí Ìgàndó, tí ó ti pẹja títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ti sọ tiwọn tán, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ yìí lé omi lórí. Nígbà tiwa, kò sí ọmọ ọdún méje tí kò mọ odò wẹ̀. Baba mi ni ó kọ́ mi. Ẹ bá mi wá àwọn tó kù wá, n ó kọ́ wọn."

Baba onílé wa ni ó dáhùn. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní: "Bàbá, a gbọ́, ẹ ṣeun, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, á sá. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbà wọ́n kúrò létí omi ná."

Bàbá wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Bí túùbù kan bá wà létí kòtò ọjọ́sí, tí ẹnì kan sì jù ú sí i, ọmọ yẹn ìbá ti di í mú." Kò sí ẹni tí ó fèsì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n kó gbogbo túùbù àdúgbò jọ, wọ́n fi àdá ya wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Òórùn rọ́bà náà wà nínú aṣọ wa títí ọ̀sẹ̀ fi yí po.

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Òbí tí ó sin ọmọ kì í rántí òwe. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ohun kan. Wọ́n dáná sun túùbù, ṣùgbọ́n wọn kò dí kòtò. Wọ́n ní kí a má lọ sódò, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ wa bí a ti ń wẹ̀ ẹ́. A dàgbà, a bí ọmọ, a sì sọ fún àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n má lọ sódò. Báyìí ni ìbẹ̀rù ṣe di ogún, tí ìmọ̀ kò sì di ogún.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni mí kí n tó mọ odò wẹ̀, nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin, tí kò jìnnà sí ọ̀sà Ológè. Ègùn ni ọ̀rẹ́ tí ó kọ́ mi. Ohun àkọ́kọ́ tí ó kọ́ mi kì í ṣe bí a ti ń fi ọwọ́ gbá omi, bí kò ṣe bí a ti ń dùbúlẹ̀ lé e. Ó ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí n ki etí méjèèjì bọ inú omi, kí n gbé ikùn sókè, kí n sì fa èémí sínú. Ó ní: "Má bá a jà. Ẹni tí ó bá ń bá omi jà ni omi ń rì." Mo gbìyànjú rẹ̀ títí, lọ́jọ́ kẹrin omi gbé mi. Mo ń wo ojú ọ̀run, mo sì ń rántí ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀kọ́ tí kò gbà ju ọjọ́ mẹ́rin lọ ni a kò rí ẹni kọ́ ọ.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá, mo wá rí i pé ohun tí a sọnù ju eré lọ. Ọ̀rọ̀ ń lọ pẹ̀lú rẹ̀. Mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ọdún tó kọjá ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin odò, ọ̀sà àti òkun. Wọ́n ní omi ni gbogbo wọn. Mo ní kí ni àjẹ̀? Wọ́n rò pé àjẹ́ ni mo ń wí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Lúwẹ̀ẹ́, mùwẹ̀, léfòó, tukọ̀, ebúté, bèbè, ìsun: àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò sí lẹ́nu wọn. A kò lè fi ìwé nìkan kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní ibi tí a ti ń lò ó, bí ẹja tó bọ́ sórí ilẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí nǹkan ti rí nísinsìnyí. Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, ni ó kéré jù ní ilẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju kìlómítà onígun mẹ́rin 3,577 lọ, bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀sà àti odò. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkànìyàn náà. Ilẹ̀ tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù ti di ilé, oko ẹ̀gẹ́ ti di ṣọ́ọ̀bù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń da ìdọ̀tí Èkó sí ààtàn Solous ní Ìgàndó. Ọ̀pọ̀ odò kéékèèké ti di gọ́tà tí ọ̀rá àti ike ń gba inú rẹ̀ kọjá. Mi ò ní sọ fún ọmọ kankan pé kí ó gbé túùbù wọ inú irú omi bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi kò fi wá sílẹ̀. Bí a kò bá lọ bá a ní odò, ó ń wá bá wa nílé. Òjò ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn ará Èkó, nítorí ó bo ojú títì, ó ya wọ ilé, ó sì gba ẹ̀mí. Ọmọ tí kò fojú kan odò rí lè bá omi pàdé lójú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Èyí ni ó mú mi sọ pé ìdènà nìkan kò tó.

Ẹnì kan lè sọ pé ṣé etíkun kò sí ni? Ó wà. Bar Beach ni gbogbo Èkó máa ń lọ láyé àtijọ́. Àwọn ìjọ aláṣọ funfun ń gbàdúrà níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń gun ẹṣin, níbẹ̀ náà sì ni wọ́n ti yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní gbangba ní 1971. Òkun jẹ ẹ́ títí, wọ́n sì kó iyanrìn dí i láti fi kọ́ Eko Atlantic. Tarkwa Bay ṣì wà, níbi tí òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà òkun ti mú kí ìgbì rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lé àwọn tí ń gbé ibẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2020. Bàdágírì ní etíkun àgbọn. Ẹ̀pẹ́ ní ọ̀sà àti ọdún Kayọ̀kayọ̀ tí wọ́n fi ń rántí dídé Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ síbẹ̀ ní 1851. Ní Lẹ́kì, ọgbà ìdáàbòbò igbó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990 ní afárá òkè igi tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Gbogbo wọn dára, mo sì rọ ẹgbẹ́ wa pé kí a ṣètò ìrìn-àjò lọ síbẹ̀ kí a tó máa sáré lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé Ìkòtún, tí ó ní ọmọ mẹ́rin, yóò wọ ọkọ̀ mẹ́ta kí ó tó débẹ̀, yóò sì san owó lẹ́nu ọ̀nà ibi púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè lọ, bí ó bá lè lọ rárá. Ọmọ kì í fi ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mọ odò wẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń gbé Houston ní Amẹ́ríkà fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ni wọ́n jókòó sínú túùbù lórí odò kan. Ó ní ìlú New Braunfels ní Texas ni, orúkọ odò náà a máa jẹ́ Comal, kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin lọ, inú ìlú náà ni ó ti sun, inú rẹ̀ náà ni ó sì parí sí. Ó ní: "Àbúrò, ohun tí wọ́n fi ń nà wá ní Ìgàndó, owó ni mo san kí n tó ṣe é níbí." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo tún ronú. Àwọn ará ìlú náà kò pa eré tì nítorí pé omi lè pa ènìyàn. Wọ́n ṣòfin sí i ni. Ní 2011, nígbà tí agolo àti ike tí àwọn àlejò ń jù sómi pọ̀ jù, wọ́n dìbò fọwọ́ sí òfin tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ odò mọ́. Odò kékeré, tí kò gùn ju èyí tí ó wà lẹ́yìn ilé wa lọ, ni wọ́n ń dìbò lé lórí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn, èyíinì ni 300,000, ni omi pa ní 2021 káàkiri ayé, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ará àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Ní ọdún yẹn kan náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 25 oṣù keje sọ́tọ̀ fún ìdènà ikú omi, èyí tí ó bọ́ sí nǹkan bí àkókò tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ń parí sáà kẹta. Nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ayé, wọ́n ní kí a fi ọgbà yí ibi tí omi bá wà ká, kí a máa ṣọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, kí a sì kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́ àti bí a ti ń yọ ẹlòmíràn láìfi ara ẹni sínú ewu. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì. Bí ẹnì kan bá ń rì, ẹ má ṣe bẹ́ lù ú, nítorí yóò di yín mú, ẹ ó sì jọ rì. Ẹ na igi sí i, ẹ ju okùn sí i, tàbí kí ẹ ju túùbù tí a so okùn mọ́. Ohun tí baba apẹja sọ ní 1993 ni àwọn onímọ̀ ń sọ.

Kí ni mo wá fẹ́ kí a ṣe? Lọ́nà kìíní, ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkòtún ni ó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí kì í sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ ní òwúrọ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lè bá wọn ṣe àdéhùn fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìsinmi gígùn, dípò kí a tún kó àwọn ọmọ sínú kíláàsì fún sọ́mà lẹ́sìn láti àárọ̀ dé alẹ́. Lọ́nà kejì, ẹni tí ó bá gbẹ́ kòtò, kí ó dí i. Bí kò bá dí i, kí àwọn ará àdúgbò fẹjọ́ sun ìjọba ìbílẹ̀. Lọ́nà kẹta, àwọn Ègùn, Ìlàjẹ àti Àwórì tí wọ́n mọ omi ṣì wà láàrin wa. Kí a pè wọ́n ní olùkọ́, kí a sì sanwó fún wọn. Lọ́nà kẹrin, kí ẹgbẹ́ wa yìí kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ omi jọ láti ẹnu àwọn àgbà, kí a tó wá a tì. Ní ti túùbù, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín: ó lè jò, ó lè dojú dé, kò sì lè rọ́pò ìmọ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí ó tó gun túùbù.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa gbà pé kí n kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí adágún kan, bí àwọn òbí bá fọwọ́ sí ìwé. Díẹ̀ ni ó padà nínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà jẹ́ ọmọ-ọmọ sí ìyá ọ̀rẹ́ mi tí ó kú, ọ̀dọ̀ màmá náà ni ó sì ń gbé. Màmá fúnra rẹ̀ ni ó gbé ìwé náà wá bá mi ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì.

Ó ní: "Ọmọ mi, ìwọ náà mọ ohun tí ojú mi rí."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní: "Màmá, mo mọ̀ ọ́n, mà. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ ìwé náà."

"Bí mo bá fọwọ́ sí i ńkọ́, tí nǹkan bá ṣe é?"

"Ẹ ó tẹ̀ lé wa lọ, mà. Ẹ ó jókòó tì í. Omi náà kò kọjá àyà rẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ yóò sì wà nínú omi pẹ̀lú wọn."

Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó ká ìwé náà, ó ṣẹ́ ẹ sí ìdí ìró rẹ̀, ó ní, "Jẹ́ kí n rò ó ná." Títí di ìgbà tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kò tíì dá a padà. N kò bínú sí i, n kò sì ní yé bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ̀yin ni òbí ọ̀la. Bí ìsinmi gígùn bá dé, kí ẹni tí ó mọ odò wẹ̀ nínú yín kọ́ ẹnì kan. Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wá ẹni tí yóò kọ́ ọ, kí ó má sì tijú ọjọ́ orí rẹ̀. Omi tí ó gbé àwo Ọlọ́fin wá kò tíì gbẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi omi sin ọmọ wa. Ire o.